Ọmọ Àgbẹ̀ Tó Ṣẹ́gi Tà: Ìgbà Èwe Awólọ́wọ̀

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nínú kíláàsì, fìlà rẹ̀ àti gíláàsì ojú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Èmi náà kò yàtọ̀. Ìgbà tí mo ka ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ ni ojú tí mo fi ń wò ó yí padà.

Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1909. David Ṣópòlú ni bàbá rẹ̀, Mary Ẹfúnyẹlá ni ìyá rẹ̀, òun nìkan sì ni ọmọkùnrin bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni bàbá náà ń ṣe: ó ń dáko, ó sì ń la gẹdú. Ẹ má fojú kékeré wo gẹdú lílà láyé ìgbà yẹn o. Kò sí ẹ̀rọ. Ayùn gbọọrọ ni, ẹnì kan á dúró lórí igi, ẹnì kejì á wà nísàlẹ̀, ẹ̀rún igi á sì máa dà sí i lójú títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀sìn Ṣópòlú, ọ̀tọ̀ ni ti ìyá tó bí i. Bàbá Ṣópòlú wà lára àwọn Ìwàrẹ̀fà Òṣùgbó tó ń ṣàkóso ìlú, síbẹ̀ ní 1896, Ṣópòlú wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn Kírísítì ní Ìkẹ́nnẹ́. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ kò fi Ifá sílẹ̀. Ìyá àgbà yìí ni Awólọ́wọ̀ fẹ́ràn púpọ̀. Màmá náà gbà pé bàbá tó bí òun gan-an ló padà wá sáyé, tó di ọmọ ọmọ òun. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ẹni tó bá gbà pé bàbá òun ni ọmọ kan, ojú wo ni yóò máa fi wò ó? Ó dá mi lójú pé ẹgba kò ní í pọ̀ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti Ọbalúayé. Ṣópòlú kì í bẹ̀rù àwọn olórìṣà ṣànpọ̀nná, ó máa ń ta kò wọ́n ní gbangba. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 1920, ṣànpọ̀nná náà ló pa á. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí àwọn kan yóò máa sọ kiri ìlú lọ́jọ́ náà. Lójú tèmi, àrùn ni, ó ń pa olórìṣà, ó ń pa onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ọbáfẹ́mi. Ta ni yóò ṣe irú àlàyé yẹn fún un?

Ọwọ́ bàbá yẹn ni owó iléèwé ti ń wá. Bó ṣe kú, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó fúnra rẹ̀: ó ṣẹ́gi tà, ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó ti iléèwé kan bọ́ sí òmíràn, títí ó fi dé Abẹ́òkúta. Ní 1927, ó wọ Wesley College ní Ìbàdàn. Ìyókù, ẹ mọ̀ ọ́n: tíṣà, akọ̀wé, oníròyìn, ẹni tó ń ra kòkó, lọ́yà, kó tó wá di Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní 1954.

Ọ̀rọ̀ iléèwé ọ̀fẹ́ ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Stephen Awókọ́yà, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé e kalẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1952. A máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo ayé ló pàtẹ́wọ́ sí i. Irọ́ ni. Wọ́n fi owó lé owó orí nítorí rẹ̀, inú sì bí àwọn àgbẹ̀: wọ́n fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wọn, wọ́n tún fẹ́ kó àwọn ọmọ tó ń bá wọn roko lọ. Nígbà ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ní 1954, Ẹgbẹ́ Alákùkọ ló na Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn. Síbẹ̀, Awólọ́wọ̀ kò yí i padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, iléèwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà sì lé ní 800,000. Èmi kò lè ka èyí kí n má rántí ọmọ tó ń ṣẹ́gi lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Látìgbà yẹn lọ, bí bàbá kú, owó iléèwé kò ní í bá a kú.

Bàbá àgbà mi wà lára àwọn ọmọ 1955 yẹn. Oko kòkó ni wọ́n ti mú un wá. Ó sọ fún mi pé bàbá òun bínú sí owó orí náà títí ó fi kú, àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun ló gbé òun sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, tó wà òun dé ẹnu ọ̀nà iléèwé, tó sì yí padà sóko láìsọ nǹkan kan.