Omidan Alice Evans àti Kòkòrò Inú Wàrà

Ọ̀kan pàtàkì ni Omidan Alice Catherine Evans jẹ́ láàrin àwọn obìnrin tí orúkọ wọn fìdí múlẹ̀ nínú ìtàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Abúlé Neath ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a ti bí i ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1881. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, owó kò sì tó láti rán an lọ sí yunifásítì; nítorí náà, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe fún ọdún mẹ́rin. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Yunifásítì Cornell ń kọ́ àwọn olùkọ́ ìgbèríko ni ó ṣí ọ̀nà fún un. Ó gba oyè kìn-ín-ní nínú ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí ní 1909, ó sì gba oyè kejì ní Yunifásítì Wisconsin ní 1910. Kò kàwé dé ipò ọ̀mọ̀wé, èyí tí àwọn kan sì fi fojú tín-ín-rín rẹ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.

Ní ọdún 1910 yìí kan náà ni ìjọba gbà á sí ẹ̀ka tí ó ń bójú tó ọ̀ràn wàrà. Àwọn kòkòrò tí ó wà nínú wàrà tútù ni ó ń wádìí.

Àrùn méjì kan wà nígbà náà tí ẹnikẹ́ni kò rò pé wọ́n bá ara wọn tan. Èkíní ni ibà tí ó ń dààmú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní erékùṣù Málítà. David Bruce, dókítà ológun, ni ó rí kòkòrò rẹ̀ ní 1887. Ní 1905, Dókítà Themistocles Zammit, ọmọ Málítà, fi hàn pé ara ewúrẹ́ ni kòkòrò náà ń gbé, àti pé inú wàrà ewúrẹ́ ni àwọn ènìyàn ti ń mu ún. Èkejì ni àrùn tí ó ń ba oyún jẹ́ lára màlúù, èyí tí Bernhard Bang ti ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì rí kòkòrò rẹ̀ ní 1897. Wọ́n ka ti ewúrẹ́ sí kòkòrò roboto, wọ́n ka ti màlúù sí kòkòrò tí ó rí bí ọ̀pá, wọ́n sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè tirẹ̀. Omidan Evans kó méjèèjì jọ sójú kan, ó yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, ó sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìyàtọ̀ láàrin wọn. Bí wàrà ewúrẹ́ bá ń kó àìsàn ran ènìyàn, kí ni kò ní jẹ́ kí ti màlúù ṣe bẹ́ẹ̀?

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kòkòrò ní 1917, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1918. Wọn kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ òtítọ́, àwọn ọkùnrin tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà tipẹ́ ìbá ti rí i. Theobald Smith, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ìmọ̀ yìí, takò ó gidigidi. Àwọn olówò wàrà ní tiwọn fẹ̀sùn kàn án pé ó bá àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ìmú-wàrà-gbóná dì í mọ́lẹ̀. Ẹ̀sùn burúkú gbáà ni, nítorí ohun tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí a mú wàrà dé ìwọ̀n ooru 63 fún ìṣẹ́jú 30, kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú, kí a tó tà á. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń mu fúrá àti nónò ní òkè ọya yóò mọ̀ pé ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa, nítorí àrùn náà wà lára màlúù ilẹ̀ wa pẹ̀lú.

Ní 1920, Karl Meyer àti ẹnìkejì rẹ̀ ní San Francisco tún iṣẹ́ náà ṣe, wọ́n sì bá a bí ó ti wí. Àwọn ni wọ́n dábàá pé kí a pe ìdílé kòkòrò náà ní Brucella, láti fi yẹ́ Bruce sí.

Ní 1922, kòkòrò náà wọ ara Omidan Evans fúnra rẹ̀ níbi tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ibà náà a lọ, a tún padà. Oríkèé a máa ro ó, òógùn a máa bò ó, àárẹ̀ a sì dá a dúbúlẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí ó fi bá a jà. Nítorí pé àwọn dókítà kò tíì mọ àrùn náà dáadáa, wọ́n ní ọpọlọ rẹ̀ ni ó rẹ̀, pé kò sí àìsàn gidi lára rẹ̀. Ẹni tí ó fi àrùn náà han ayé ni wọ́n ń sọ èyí fún!

Síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1928, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di ààrẹ ẹgbẹ́ tí ó ti kọ etí dídi sí i ní 1917. Láàrin ọdún 1930 sí 1940, mímú wàrà gbóná kí a tó tà á di òfin ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà. Ó fẹ̀yìn tì ní 1945, ó sì kú ní ìpínlẹ̀ Virginia ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 1975, lẹ́ni ọdún 94.