Níbi Tí A Wà Ni Ká Ti So Èso

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ń wá fún àdúrà. Ẹnì kan á ní bí òun bá kúrò nínú iṣẹ́ tí òun ń ṣe lọ́wọ́, ìgbà náà ni òun yóò ráyè sin Ọlọ́run dáadáa. Òmíràn á ní bí òun bá kó kúrò nínú yàrá kan ṣoṣo tí òun àti àwọn ọmọ òun ń gbé, bí òun bá rí ọkọ fẹ́, tàbí bí òun bá rí ọ̀nà lọ sí òkè òkun, ìgbà náà ni ayé òun yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n ń wo ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ń wo ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lé. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé ibi tí ayé bá bá ni ni a ti ń jẹ ẹ́.

Mo fẹ́ kí a jọ wo ìgbésí ayé ẹnì kan tí kò sí ilé Yorùbá tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, èyíinì ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. A mọ̀ ọ́n ní bíṣọ́ọ̀bù. A mọ̀ ọ́n nídìí Bíbélì tí a ń kà láràárọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í rò ni pé púpọ̀ nínú àwọn ibi tí ó gbé, kì í ṣe òun ni ó yàn wọ́n.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣoògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Iṣẹ́ aṣọ híhun ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, àwọn ológun tí ń kó ẹrú ya wọ ìlú náà, wọ́n sì sun ún níná. Bàbá rẹ̀ sáré wá sọ fún aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Ìgbà ìkẹyìn tí ọmọ náà fi ojú kan bàbá rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n mú ìyá, wọ́n mú Àjàyí àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n sì fi okùn so wọ́n lọ́rùn bí ẹran.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti di ọjà. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tún tà á fún ẹlòmíràn. Ní ibì kan lọ́nà Èkó, tábà àti ọtí àti àwọn nǹkan mìíràn ni wọ́n gbà lórí rẹ̀. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá ni. Ìbànújẹ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò jẹ́ kí ó rí i ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé èyí. Ẹni tí a ń pè ní bàbá ìgbàgbọ́ lónìí ti jókòó rí ní ibi tí kò ti rí ìdí kankan láti wà láàyè. Bí ẹnì kan bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí ó wà ní irú ibẹ̀, kí ó má ṣe dá wà. Kí ó sọ ọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀, kí ó sì lọ bá alùfáà rẹ̀ àti dókítà. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Ní Èkó ni wọ́n ti tà á fún àwọn Potogí, tí wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Esperanza Felix. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń dènà òwò ẹrú dá ọkọ̀ náà dúró lójú òkun. Nígbà tí ó di ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, wọ́n sọ Àjàyí kalẹ̀ ní Sàró, ní ìlú tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Ó ti dòmìnira, ṣùgbọ́n kò ní ilé, kò ní bàbá, kò sì mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ wà láàyè.

Kí ni ọmọ yìí ṣe? Ó lè jókòó sétí òkun kí ó máa wo ọ̀nà Òṣoògùn títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Wọ́n fi í sí ilé ìwé ní abúlé Bathurst, a sì gbọ́ pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni ó tọrọ owó lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀ kan kí ó lè fi ra ìwé a-b-d tirẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Wọ́n fi í ṣe olùrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé yòókù, pẹ́nì méje àti ààbọ̀ ni wọ́n sì ń san fún un lóṣù. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825 ni ó ṣe ìrìbọmi, tí ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ní ọdún 1827, nígbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀, òun wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ní ọdún 1829, ó gbé Asano níyàwó, ẹni tí orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ ń jẹ́ Susan, tí a gbà kúrò lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú bíi tirẹ̀.

Ní ọdún 1841, ó bá àwọn òyìnbó rin ìrìn àjò lórí Odò Ọya. Ibà bá wọn níbẹ̀, nínú àwọn òyìnbó bíi 145 tí ó lọ, ó lé ní 40 tí ó kú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ìrìn àjò náà sí òfo. Ṣùgbọ́n ìwà àti ìmọ̀ tí wọ́n rí lára Crowther nínú ìpọ́njú náà ni ó mú kí Ẹgbẹ́ CMS pè é lọ sí London, níbi tí wọ́n ti fi í joyè díákónì ní oṣù kẹfà ọdún 1843 àti alùfáà ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé Àgbádárìgì, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti lónìí wà jù lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1845, Crowther àti Henry Townsend àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ síbẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ti ń retí wọn. Àfi bí ìròyìn ṣe dé pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ogun sì ti dí ọ̀nà, kò sí bí wọ́n ṣe lè kọjá. Ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi wà ní Àgbádárìgì, ìlú tí wọn kò ní lọ́kàn láti dúró sí, tí òwò ẹrú sì gbilẹ̀ gidigidi nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, mélòó nínú wa ni ó wà ní Àgbádárìgì tirẹ̀ lónìí? Olúwa ti fi Abẹ́òkúta hàn ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà dí. Ẹni tí ó ṣèlérí láti ràn ọ́ lọ́wọ́ ti kú tàbí ó ti yí padà. Crowther kò fi oṣù méjìdínlógún náà ka ọjọ́ lásán. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wàásù, wọ́n kọ́ ilé ìsìn, wọ́n dá ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìlú. Ó sì tẹra mọ́ iṣẹ́ ìtumọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè Yorùbá, ó ń tẹ́tí sí bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ kí èdè ìwé náà má baà le létí wọn.

Ọ̀nà là ní ọdún 1846, wọ́n sì wọ Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún náà, obìnrin àgbàlagbà kan wá bá a. Ìyá rẹ̀ ni. Ọdún 25 ni wọn kò ti rí ara wọn. Wọ́n dì mọ́ ara wọn, ẹnu wọn wúwo, omijé ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1848, a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Èdè tí ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó kú lẹ́nu òun láti Sàró dé Àgbádárìgì ni ìyá fi gbọ́ ìhìnrere.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́. Síso èso níbi tí a wà kò túmọ̀ sí pé kí a máa pe ibi ní rere. Crowther kò fìgbà kan sọ pé oko ẹrú dára. Nígbà tí ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1851, ó dúró níwájú Ọbabìnrin Victoria àti àwọn ìjòyè rẹ̀, ó ṣàlàyé fún wọn bí òwò ẹrú ṣe ń ba Èkó àti agbègbè rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá wà nínú ìyà, kí ó wá ìtúsílẹ̀. Kí ó má kàn dúró kí ìtúsílẹ̀ tó dé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ayé.

Àdánù náà kò sì tán. Ní ọdún 1862, iná jó ilé rẹ̀, àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ sì jóná mọ́ ọn. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 1884, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti mú kí odindi Bíbélì wà ní èdè wa.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù nínú kàtídírà Canterbury, òun ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ọ̀gágun Leeke, tí ọkọ̀ ogun rẹ̀ gbà á sílẹ̀ nígbà ọmọdé, wà níbẹ̀ tí ó ń wò ó. Síbẹ̀, àwọn òyìnbó oníwàásù tí wọ́n wà nílẹ̀ Yorùbá kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú jẹ́ olórí wọn. Nítorí náà, Odò Ọya ni wọ́n fún un, láàárín àwọn tí èdè wọn kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù kò kọ̀ ọ́. Ó ti kọ ìwé fún kíkọ́ èdè Ìgbò ṣáájú, ó sì kọ ti Nupe ní ọdún 1864 kan náà. Iṣẹ́ rẹ̀ fìdí múlẹ̀ ní Oníṣà, ní Lọ́kọ́ja, àti ní Bonny, níbi tí wọ́n ti pa bíbọ awọ́nríwọ́n tì ní ọdún 1867.

Ìparí rẹ̀ kò dùn bí a ṣe fẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe ohun tí kò tọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí ó tó bí lọ́mọ dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lójú rẹ̀ ní ìpàdé kan ní Oníṣà, wọ́n sì fi àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún wọ́lẹ̀. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Kò fi Olúwa sílẹ̀. Ó lo ìwọ̀nba okun tí ó kù láti dúró ti àwọn ìjọ agbègbè Bonny kí wọ́n lè máa bọ́ ara wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891, ó sùn nínú Olúwa ní Èkó. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó di ọdún 2014 kí Archbishop Canterbury, Justin Welby, tó tọrọ àforíjì ní gbangba, nínú kàtídírà yẹn kan náà, fún ìwà tí wọ́n hù sí i.

Bí ó bá jẹ́ pé ìyìn ènìyàn ni ó ń dúró dè, ọdún 123 ni ìbá fi dúró nínú ibojì. Èso rẹ̀ kò dúró de ìyìn. Òun ni a ń jẹ láràárọ̀ nígbà tí a bá ṣí Bíbélì Yorùbá fún àdúrà ìdílé.

Ẹ lọ ka ìwé wòlíì Jeremáyà orí 29. Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì wà ní ìgbèkùn Bábílónì, àwọn kan ń sọ fún wọn pé kò ní í pẹ́ tí wọn yóò fi padà sílé. Olúwa ní kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n bímọ, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n wà. Ó ṣèlérí ìpadàbọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n àádọ́rin ọdún ni. Ẹni tí kò bá gbin nǹkankan nínú àádọ́rin ọdún, ebi ni yóò pa á kí ìlérí tó dé.

Nítorí náà, ìyá tí ń ta ọjà ní ìsọ̀ kékeré, fi òtítọ́ tà á, kí o sì kọ́ ọmọ tí ń bá ọ ṣọ́jà ní Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Olùkọ́ tí wọ́n gbé lọ sí abúlé tí kò fẹ́, àwọn ọmọ abúlé náà ni Àgbádárìgì rẹ. Ọ̀dọ́ tí ń wá iṣẹ́, kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan bí Àjàyí ṣe kọ́ káfíńtà, kí o sì mú iṣẹ́ kan ṣe nínú ìjọ. Ìwọ tí o wà lókè òkun tí ò ń sunkún ilé, wá àwọn ènìyàn Ọlọ́run rí níbẹ̀, kí o má sì jẹ́ kí èdè àti ìgbàgbọ́ kú lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ. Ẹ máa gbàdúrà kí ọ̀nà là. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀nà bá yín lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà: Baba wa tí ń bẹ lọ́run, Ìwọ tí O mọ Àjàyí nínú ìdè, mọ̀ wá níbi tí a wà. Bí ọ̀nà wa bá dí, fún wa ní iṣẹ́ ṣe níbi tí ó dí sí. Bí ènìyàn bá rẹ̀ wá sílẹ̀, má jẹ́ kí èso wa rẹ̀ dànù. Ṣí ọ̀nà fún wa ní àkókò tìrẹ, ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.