Jim Gray ti Ìlà-Oòrùn Belfast

Ẹ̀yin ọmọ wa, láti Damastown níbí dé Belfast kò tó wákàtí méjì nínú mọ́tò, bí ènìyàn bá gba M50 bọ́ sí M1. Nítorí-náà, ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ fún yín yìí kì í ṣe ará ọ̀nà jíjìn.

Ọdún 1958 ni wọ́n bí Jim Gray. Àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì ni ìlà-oòrùn Belfast tí ó gbé dàgbà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kan ọkọ̀ ojú omi Titanic. Ó mọ gọ́ọ̀fù gbá gan-an. Ṣùgbọ́n kí ó tó di géńdé ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ ní Northern Ireland. Ọ̀pọ̀ Kátólíìkì fẹ́ kí Ireland di ọ̀kan, ọ̀pọ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì sì fẹ́ wà lábẹ́ Britain. Ó lé ní 3,500 ènìyàn tí ìjà yẹn pa.

Ní ọdún 1971 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ UDA sílẹ̀. Bí àwọn ọdẹ àdúgbò tiwa nílé ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin tó ń ṣọ́ òpópónà wọn lóru. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pa àwọn Kátólíìkì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 1992 ni ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Àwọn olórí mẹ́fà ló ń darí rẹ̀, wọ́n ń pè wọ́n ní bìrìgédíà. Láàárín àwọn ọdún 1990, Gray di bìrìgédíà ìlà-oòrùn.

UDA dáwọ́ ìbọn dúró ní oṣù kẹwàá ọdún 1994, àdéhùn àlàáfíà sì dé ní ọdún 1998. Ogun lọ, ìbọn kò lọ. Ṣé ẹ rí i, ẹni tó ń ṣọ́ àdúgbò lánàá ló wá ń gba owó ààbò lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù àdúgbò kan náà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń ta kókéènì àti hóró ecstasy fún àwọn ọ̀dọ́, Gray sì ń lówó. Ó ní ilé ọtí. Ó ń pa irun rẹ̀ láró fúnfun, ó ń wọ aṣọ aláràbarà àti ẹ̀wọ̀n wúrà, débi pé wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Doris Day, orúkọ òṣèrébìnrin Amẹ́ríkà kan. Àwọn kan sọ pé ojúkòkòrò ló bà á jẹ́. Àwa kò rò pé òun nìkan ni o. Láti ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ti lè bi ọdẹ léèrè ohun tó ń ṣe lóru ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ láàárín wa, ẹ rò ó dáadáa.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀ nìyí. Ní ọdún 2002, ọmọ Gray ọkùnrin kú ní Thailand. Oògùn olóró ló pa á. Irú ọjà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ ń tà fún ọmọ ọlọ́mọ ni. Ní ọdún yẹn kan náà, nínú ìjà láàárín àwọn ẹgbẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì fúnra wọn, wọ́n yìnbọn lu Gray lójú. Kò kú. Kò sì fi ipò náà sílẹ̀.

Oṣù kẹta ọdún 2005 ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lé e kúrò. Ní oṣù kẹrin, ọlọ́pàá dá a dúró ní Banbridge, lójú ọ̀nà tó wá sí ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ń sọ owó àìmọ́ di owó rere. Ilé-ẹjọ́ gba béèlì rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ó sì padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Clarawood. A kò tíì gbọ́ ẹjọ́ náà tán tí wọ́n fi yìnbọn pa á níwájú ilé yẹn, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2005. Ẹni ọdún 47 ni. Bàbá tó bí i ṣì wà láyé.

Ẹ mọ bí òkú olórí ẹgbẹ́ ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa: aṣọ ẹgbẹ́, ìlù, èrò rẹpẹtẹ. Àwọn tó tẹ̀lé pósí Gray kò pọ̀ rárá, ẹgbẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sìn kò sì ṣe ẹ̀yẹ kankan fún un.