Ẹni Mímọ́ Jeanne Jugan, Ìyá Àwọn Arúgbó

Nígbàkígbà tí mo bá gbé Kọmúníọ̀nù Mímọ́ lọ fún àwọn arúgbó wa nínú àwọn agboolé Òjé yìí, ohun kan wà tí mo máa ń kíyè sí. Bí mo bá kí baba, ọmọ ni yóò dáhùn. Bí mo bá bi ìyá léèrè bí ó ti sùn, ìyàwó ilé ni yóò sọ ọ́ fún mi. Oúnjẹ wà, aṣọ mọ́, oògùn sì wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n arúgbó náà jókòó láàrin wa bí ẹrù tí a gbé kalẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ burúkú. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Èyí ni ó mú mi rántí obìnrin kan tí ó ti sùn nínú Olúwa láti ọdún 1879.

Ìlú Cancale, létí òkun ní apá Brittany ní ilẹ̀ Faransé, ni a bí Jeanne Jugan sí, ní ọjọ́ 25 oṣù October, 1792. Apẹja ni baba rẹ̀. Ọmọ náà kò tí ì pé ọdún mẹ́rin nígbà tí baba lọ sí ojú òkun tí kò sì padà mọ́. Àkókò ìdìtẹ̀ ńlá ni ní ilẹ̀ Faransé nígbà náà. Wọ́n ti ilé ìjọsìn, wọ́n lé àwọn àlùfáà, ní ìkọ̀kọ̀ sì ni ìyá fi ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Nígbà tí Jeanne dàgbà díẹ̀, ó di ọmọ-ọ̀dọ̀ nínú ilé ìdáná obìnrin ọlọ́lá kan, ẹni tí ó máa ń mú un dání lọ bẹ àwọn aláìsàn àti tálákà wò. Atukọ̀ kan fẹ́ fi í ṣe aya, ó kọ̀. Ní 1817 ó lọ sí Saint-Servan, ó tọ́jú àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn ibẹ̀ títí agbára rẹ̀ fi tán. Lẹ́yìn náà ó sin arábìnrin kan, Lecoq, fún ọdún méjìlá, títí tí ìyẹn fi kú ní 1835.

Ẹ wò ó dáradára: ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, kò ní ọkọ, kò ní ọmọ, kò ní ilé. Yàrá méjì àti àjà ni òun àti ìyá àgbàlagbà kan jọ háyà, ọ̀dọ́mọbìnrin aláìlóbìí kan sì wá bá wọn gbé.

Ní ìgbà òtútù ọdún 1839, ó gbọ́ nípa Anne Chauvin, opó kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí apá kan ara rẹ̀ sì ti rọ, tí kò ní ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ mọ́. Jeanne gbé e wá sílé, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì lọ sùn lórí àjà. Kò pẹ́ tí ìkejì fi dé. Ní 1841 ilé tí wọ́n háyà gba arúgbó 12. Ní 1842 wọ́n ra ilé àwọn obìnrin onísìn àtijọ́ kan, àwọn 40 sì wọ ibẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, ilé tí ìjọba ń kó àwọn òtòṣì sí ni arúgbó tí kò ní ará máa ń lọ, níbi tí a ti ń fi agogo jí i, tí a sì ń fi agogo sùn ún. Jeanne kò fẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyí ló ti ń tọrọ báárà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú sì ń tì wọ́n. Ó bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti máa ń tọrọ àti orúkọ àwọn tí ń fún wọn, ó gba agbọ̀n lọ́wọ́ wọn, ó sì ń lọ dípò wọn. Àwọn tí ọwọ́ wọn ṣì lágbára ń ran òwú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nílé ara wọn. (Ẹni tí ó bá mọ ìyá tí ó ti ta aṣọ òkè ní ọjà Òjé fún ogójì ọdún yóò mọ ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ ń ṣe fún ọkàn àgbà.) Nígbà kan tí kò sí bọ́tà nínú ilé, ó ní kí wọ́n gbé àwo bọ́tà tí ó ṣófo sí ẹsẹ̀ ère Jósẹ́fù Mímọ́; bọ́tà sì dé. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, nítorí pé kì í ṣe búrẹ́dì nìkan ni ó ń wá fún wọn. Ó ń wá ohun tí ẹnu wọn fẹ́.

Ọkùnrin kan gbá a létí nígbà tí ó ń tọrọ. Ó fi sùúrù dá a lóhùn pé ìyẹn jẹ́ tòun, kí ó wá fún àwọn arúgbó òun ní tiwọn. Ní 1845, Akadẹ́mì ilẹ̀ Faransé (Académie française) fún un ní ẹ̀bùn 3,000 fráǹkì nítorí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìrora rẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ ọ̀tá wá. Ní oṣù December 1843, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún yàn án ṣe olórí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àlùfáà Le Pailleur fagi lé e, ó sì fi ọmọ ọdún 23 sí ipò náà. Ní 1852 wọ́n pe Jeanne padà sínú ilé ńlá wọn, wọ́n sì ní kí ó má ṣe bá àwọn olóore rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun pé àlùfáà náà ni olùdásílẹ̀. Ẹ̀mí mi kì í balẹ̀ bí mo bá dé ibí yìí, èmi tí mo jẹ́ àlùfáà. Ẹni tí ó fi ohùn fún àwọn arúgbó, wọ́n gba ohùn lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún 27, títí òun náà fi di arúgbó. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n pè é sí ìgbìmọ̀, ní 1865, láti mọ̀ bóyá kí wọ́n máa gba owó tí ń wọlé déédéé lọ́dọọdún. Ó ní kí wọ́n máa gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, wọ́n sì gbà.

Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 29 oṣù August, 1879, ní ẹni ọdún 86, ẹgbẹ́ náà ti ní Sístà bí 2,400. Ní 1890, Róòmù yọ Le Pailleur kúrò nípò, òtítọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn díẹ̀díẹ̀. Póòpù Benedict XVI kà á mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù October, 2009. Àwọn ọmọ rẹ̀, Arábìnrin Kékeré ti Àwọn Tálákà, dé Nàìjíríà pẹ̀lú, ní Enugu. Púpọ̀ nínú àwọn ilé wọn ni a sì ń pè ní Ma Maison, èyí ni Ilé Mi.

Àwọn ará Amẹ́ríkà pẹ́ kí wọ́n tó rí ọ̀nà yìí. Ní 1987 ni òfin wọn sọ ọ́ di dandan pé kí arúgbó tí ń gbé ní ilé ìtọ́jú ní ẹ̀tọ́ láti yan bí yóò ti lo ọjọ́ rẹ̀. Ní 1991, dókítà kan, William Thomas, kó ẹyẹ, ajá, ológbò àti òdòdó wọ ilé ìtọ́jú kan ní ìpínlẹ̀ New York, ó sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọdé, kí ibẹ̀ lè jọ ilé. Agboolé wa ní ewúrẹ́, adìẹ àti ọmọdé láìsí òfin. Ohùn àgbà nìkan ni ó ń sọnù níbẹ̀.

Ọjọ́ 30 oṣù August ni a fi ń ṣe ìrántí rẹ̀. Ní ọjọ́ náà, a óò rú ẹbọ Mísà fún àwọn arúgbó wa ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, a ó sì fi òróró mímọ́ kun àwọn aláìsàn. Ọkọ̀ yóò lọ gbé àwọn tí kò lè rìn. Kí ẹni tí ó fẹ́ kí ọkọ̀ yà ní agboolé rẹ̀ sọ fún katikíìsì, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ bi baba tàbí ìyá fúnra rẹ̀ léèrè bóyá ó fẹ́ wá, àti orin tí ó fẹ́ kí a kọ.