Augustin Fresnel, ẹni tí ó kó ìmọ́lẹ̀ jọ fún àwọn atukọ̀

Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1788 ni a bí Augustin Fresnel ní ìlú Broglie, ní ilẹ̀ Faransé. Ara rẹ̀ kò le, ìwé kò sì tètè yé e. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, agbára káká ni ó fi ń kàwé. Síbẹ̀, kò jáwọ́. Ní ọmọ ọdún 16, ó wọ École Polytechnique ní Paris. Lẹ́yìn náà, ó di ẹnjiníà tí ń la ọ̀nà fún ìjọba.

Ní ọdún 1815, Napoléon padà sórí oyè. Fresnel lòdì sí i, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ sí ilé ìyá rẹ̀ ní abúlé Mathieu, ó ń wádìí nípa ìmọ́lẹ̀. Kò ní irinṣẹ́ gidi: ẹ̀kán oyin ni ó fi ṣe awò, alágbẹ̀dẹ abúlé ni ó sì bá a ṣe ìyókù.

Ọ̀pọ̀ àgbà onímọ̀ nígbà náà gbà pé wóró kéékèèké tí ń fò ni ìmọ́lẹ̀. Fresnel ní ìgbì ni, bí ìgbì tí ń tàn kálẹ̀ nígbà tí a bá ju òkúta sódò. Poisson, onímọ̀ ìṣirò, takò ó: bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, ìmọ́lẹ̀ yóò hàn ní àárín òjìji ohun roboto, èyí tí kò ṣeé gbà gbọ́ lójú rẹ̀. Arago dán an wò, ìmọ́lẹ̀ náà sì wà níbẹ̀! Ní ọdún 1819, Akadẹ́mì Sáyẹ́ǹsì fún Fresnel ní ẹ̀bùn.

Ní àkókò náà, ọkọ̀ ojú omi ń fọ́ sórí àpáta lóru, nítorí iná etí òkun kò tàn jìnnà. Jígí tí ó wà lẹ́yìn àtùpà ń gbé bí ìdajì ìmọ́lẹ̀ mì. Awò dígí tí ó tóbi tó yóò sì nípọn, yóò wúwo jù. Fresnel rí i pé ojú dígí ni ó ń yí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ padà, kì í ṣe inú rẹ̀. Nítorí náà, ó yọ inú kúrò, ó to dígí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òrùka yí ara wọn ká, létí létí bí àtẹ̀gùn. Awò náà di pẹlẹbẹ, ó sì ń kó ìmọ́lẹ̀ àtùpà jọ sí ojú kan. Ní oṣù keje ọdún 1823, wọ́n tan án ní ilé iná Cordouan, ní ẹnu odò Gironde. Àwọn atukọ̀ rí i láti ibi tí ó jìnnà ju kìlómítà 30 lọ.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó pa Fresnel ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 1827. Ọmọ ọdún 39 péré ni. Léonor àbúrò rẹ̀ tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ náà, awò rẹ̀ sì tàn dé etí òkun káàkiri ayé.

Lónìí, àwọn onímọ̀ ń ṣe awò tí ó tún pẹlẹbẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń to òpó tínńtínní sójú dígí. Ibú fọ́nrán irun kan lè gba ju ọgọ́rùn-ún wọn lọ. Òpó kọ̀ọ̀kan ń dá ìgbì ìmọ́lẹ̀ dúró díẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gba ibi tí a fẹ́. Lórí ìmọ̀ pé ìgbì ni ìmọ́lẹ̀ ni iṣẹ́ yìí dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé lágbà, ẹ rántí ọmọ Broglie tí ìwé kò tètè yé. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.