Mósè Orímọládé àti Ẹgbẹ́ tí a kò dá sílẹ̀ láti di Ìjọ

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó ṣòro kí ènìyàn la ìlú kan kọjá ní ilẹ̀ Yorùbá kí ó má rí àwọn aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ sí ilé àdúrà láìwọ bàtà. Orúkọ kan náà, Kérúbù àti Séráfù, ni ó wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà wọn, ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ kà á, a ó rí i pé àwọn ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé orúkọ náà kò bára mu láti òpópónà kan sí èkejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó fà á, àfi kí ó padà sí ìtàn ọkùnrin kan tí kò ní in lọ́kàn láti dá ìjọ kankan sílẹ̀. Òun ni Mósè Orímọládé Túnọláṣe.

Ìkàrẹ́ ni a bí i sí, nínú ìdílé ọba, ní nǹkan bí ọdún 1879. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ a máa sọ ọ̀pọ̀ ohun ìyanu nípa ìgbà èwe rẹ̀: pé ó fẹ́ dìde rìn ní ọjọ́ tí a bí i, àti pé àlùfáà kan gbọ́ orin nínú ilé ìsìn ní òru, tí ó sì jẹ́ pé ọmọ kékeré yìí nìkan ni ó bá níbẹ̀. A kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìwọ̀nyí. Ohun tí gbogbo ènìyàn gbà ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára, pé ó pẹ́ kí ó tó lè rìn, àti pé títí ó fi kú ni ó ń tiro. Kò mọ ìwé kà, síbẹ̀ a máa pe ẹsẹ Bíbélì lórí bí ẹni tí ó ṣí ìwé sílẹ̀ níwájú. Ẹ̀yin olùkọ́ ni ẹ mọ bí irú iyè bẹ́ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n tó.

Ní nǹkan bí ọdún 1916 ni ó bọ́ sí ọ̀nà ìwàásù. Lẹ́yìn tí ó ti wàásù ní ìlú rẹ̀ àti àyíká, ó dé Bìní, ó dé Wàrí. Ó gòkè lọ sí Lọ́kọ́ja, ó sì dé Sáríà àti Kánò. Ẹ jẹ́ kí á rántí pé ẹni tí ń tiro ni ó rin ìrìn yìí. Kò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nínú àwọn ìlú náà. Àwọn tí ó bá yípadà nípa ìwàásù rẹ̀, ilé ìsìn tí ó bá wà nítòsí ni ó ń darí wọn sí.

Ní oṣù Júláì ọdún 1924 ni ó wọ Èkó. Ilé olùtọ́jú ilé ìsìn Mẹ́talọ́kan Mímọ́ ní Èbúté-Èrò ni ó kọ́kọ́ dé sí. Ọkàn àwọn ará Èkó kò balẹ̀ nígbà náà. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1924 yìí kan náà, àwọn tí ó sin òkú ẹbí wọn nínú àjàkálẹ̀ ọdún 1918 kò sì tíì gbàgbé. Ẹni tí ó bá mọ àdúrà gbà, kò ní ṣàìrí èrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Oṣù Júùnù ọdún 1925 ni ohun gbogbo yípadà. Ọmọdébìnrin kan, Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, lọ wo ìwọ́de àjọ̀dún Ara Kristi tí àwọn Àgùdà ń ṣe ní gbàgede Campos. Gẹ́gẹ́ bí ó ti ròyìn, ó rí áńgẹ́lì kan lábẹ́ ìbòrí tí a ta sókè, áńgẹ́lì náà sì tẹ̀ lé e délé. Ó bọ́ sínú ojúran, ọjọ́ ń gorí ọjọ́, kò jí. Àwọn ẹbí ránṣẹ́ pe Orímọládé; ó gbàdúrà, ọmọ náà sì padà bọ̀ sípò. Láti ọjọ́ náà ni èrò kò ti dá lẹ́nu ọ̀nà wọn mọ́. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà a sọ àwùjọ náà ní Séráfù. Ní ọdún 1926 a fi Kérúbù kún un, a sì gba Máíkẹ́lì Olú Áńgẹ́lì ní balógun wọn.

Ẹgbẹ́ ni wọ́n pè é, wọn kò pè é ní ìjọ. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà tàbí Mẹ́tọ́díìsì kò fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀. Àdúrà ni wọ́n ń pàdé gbà. Ṣùgbọ́n ìran rírí, àtẹ́wọ́, ìṣọ́ òru àti aṣọ funfun kò tẹ́ àwọn àlùfáà lọ́rùn. Bí ilẹ̀kùn ilé ìsìn àtijọ́ ti ń sé mọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ilé àdúrà tiwọn. Àwọn tí ó ń bẹ̀rù pé ẹgbẹ́ yìí yóò di ìjọ wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ di ìjọ.

Ní ọdún 1927, Abíọ́dún, tí wọ́n ń pè ní Kápténì, kó àwọn ènìyàn kan lẹ́yìn, ó bọ́ sí ìrìn-àjò ìwàásù, ó lọ sí Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti àwọn ìlú òkè mìíràn. Kò wọ́pọ̀ nígbà náà kí obìnrin, pàápàá ọmọdé, máa darí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú tirẹ̀ ni àwọn ará ìlú òkè rí. Baba Aládùúrà wà ní Èkó, àwọn àgbà sì yí i ká. Kò pẹ́ tí ìbéèrè kan fi dìde: ta ni ó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ gan-an? Àwọn tirẹ̀ ní bí kò bá sí ojúran, kò sí ẹgbẹ́, àti pé a ránṣẹ́ pe bàbá náà wá gbàdúrà ni. Àwọn ti Orímọládé ní ó ti ń wàásù kí a tó mọ orúkọ ọmọ náà, àdúrà rẹ̀ ni ó sì jí i. Òtítọ́ ni apá méjèèjì ń sọ, èyí ni kò sì jẹ́ kí ìjà náà ṣeé parí.

Ní ọdún 1929, Orímọládé fi ìwé ránṣẹ́ sí Abíọ́dún pé kí ó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Lójú tiwa, àṣìṣe tí ó tóbi jù lọ ní ayé ọkùnrin náà nìyí. Ẹni tí ó ti fi ọdún púpọ̀ darí àwọn tí ó yípadà sí ìjọ ẹlòmíràn, tí kò bèèrè ipò, ni ó fi ìwé kan pín ohun tí òun àti ọmọ yìí jọ bẹ̀rẹ̀. A kò sì ní da gbogbo ẹ̀bi lé e lórí: ẹni tí kò mọ ìwé kà, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó fi ń kọ̀wé, àwọn tí ó yí i ká kò sì fẹ́ Abíọ́dún. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn kan nínú ìjà náà. Bíbélì kan náà ni, aṣọ kan náà ni. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ìṣèlú tí ẹ ń kà á, a kò rò pé ìtàn náà ṣàjèjì sí yín.

Nígbà tí a ti pín in lẹ́ẹ̀kan, ìpín kejì kò ṣòro mọ́. Ní ọdún 1930, Ẹgbẹ́ Aládùúrà, àwọn tí bàbá náà fúnra rẹ̀ yàn fún iṣẹ́ àdúrà, ya kúrò lábẹ́ Ezekiel Davies. Ní àkókò kan náà, àwọn ẹ̀ka ìlú òkè, tí ìjà Èkó ti sú, dá Àpéjọ Ìwọ̀-Oòrùn tiwọn sílẹ̀. Orímọládé kú ní Òjòkòró, lẹ́bàá Agége, ní ọjọ́ 19 oṣù Ọ̀kítóbà ọdún 1933. Abraham Onanuga ni wọ́n ní ó yàn láti rọ́pò rẹ̀. Peter Omojola, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò gbà, ìpín mìíràn sì tún ṣẹlẹ̀. Gbogbo èyí wáyé láàárín ọdún mẹ́jọ tí a sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ.

Ẹni tí ó bá rí i ní ọdún 1933 ì bá sọ pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n kò tán. Ẹ̀ka tí ó bá ya kúrò kò ní olú ilé kan tí yóò gbára lé. Ó di dandan kí ó wá ọmọ ìjọ fún ara rẹ̀, ó sì ń lọ sí ibi tí àwọn yòókù kò tíì dé. Ní ọdún 1965 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bẹ̀rẹ̀ ìjọ náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìṣọ́ òru, ààwẹ̀ àti àtẹ́wọ́, tí a fi lé wọn jáde, ti wà nínú àwọn ìjọ àtijọ́ náà fúnra wọn lónìí, àwọn tí ó ń patẹ́ níbẹ̀ kò sì mọ ilé tí ó ti wá. Ohun tí ìpín náà gbà lọ́wọ́ wọn ni ohùn kan ṣoṣo.

Wọ́n gbìyànjú láti gbà á padà. Ní ọdún 1986, nígbà tí Abíọ́dún ti ń súnmọ́ ọgọ́rin ọdún, a fi í ṣe olórí ìṣọ̀kan àwọn ẹ̀ka náà. Ọdún kẹtàdínlọ́gọ́ta nìyẹn lẹ́yìn ìwé tí bàbá náà kọ sí i. Ó kú ní ọdún 1994, pátákó àwọn ilé àdúrà kò sì tíì di ọ̀kan. Ibojì Orímọládé ṣì wà ní Òjòkòró, àwọn aláṣọ funfun a sì máa lọ gbàdúrà níbẹ̀.