Emil Fischer

Hermann Emil Louis Fischer (9 Oṣù Kẹwàá 1852 – 15 Oṣù Keje 1919) jẹ́ onímọ̀ kẹ́místrì ọmọ orílẹ̀-èdè Jámánì, tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú Kẹ́místrì ní ọdún 1902 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí ṣúgà àti purine. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ṣí ọ̀nà sí òye bí àwọn ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn purotéènì tí ó ń mú ìyípadà kẹ́míkà yára nínú ohun abẹ̀mí, ṣe ń já ìsopọ̀ ṣúgà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Wọ́n bí Fischer ní ìlú Euskirchen, nítòsí Cologne. Oníṣòwò ni Laurenz, bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ọmọ náà bá òun ṣe òwò pákó. Nígbà tí ó hàn pé òwò kò bá a lára mu, ó gbà kí ó lọ sí yunifásítì. Fischer wọ Yunifásítì Bonn ní ọdún 1871. Ní ọdún 1872 ó kọjá sí Strasbourg, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní ọdún 1874 lábẹ́ Adolf von Baeyer. Ó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Munich, Erlangen àti Würzburg, kí ó tó lọ sí Berlin ní ọdún 1892. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Fischer gba Ẹ̀bùn Nobel ni Baeyer, olùkọ́ rẹ̀, tó gba tirẹ̀.

Iṣẹ́ lórí ṣúgà

Ní ọdún 1875, Fischer ṣàwárí kẹ́míkà kan tí a ń pè ní phenylhydrazine. Omi ṣúgà sábà máa ń ki bí oyin láì dì, èyí sì mú kí ó ṣòro láti ya irú ṣúgà kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Phenylhydrazine sọ wọ́n di horo aláwọ̀ ìyeyè tí a lè dá mọ̀. Pẹ̀lú ọ̀nà yìí, ó ṣe glúkósì fúnra rẹ̀ ní ọdún 1890, ó sì fi ètò àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ hàn ní ọdún 1891. Ó tún ṣe káfínì, èròjà tí ó wà nínú kọfí àti obì.

Àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́

Ní ọdún 1894, Fischer lo irú glúkósáìdì méjì tí ìyàtọ̀ wọn kò ju ìhà tí ìsopọ̀ kan kọjú sí lọ. Oje yíìsì já alfa, kò sì fọwọ́ kan beta. Emulsin, tí ó ti inú álímọ́ńdì kíkorò wá, já beta, ó sì fi alfa sílẹ̀. Ó fi èyí wé àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́: bí ìrísí méjèèjì kò bá bára mu, iṣẹ́ kò lè ṣe. Ní ọdún 1958, Daniel Koshland fi kún èrò yìí pé ẹ́ńsáìmù náà a máa yí ara rẹ̀ díẹ̀ láti gba ohun tí ó fẹ́ já.

Ìgbẹ̀yìn ayé

Ní ọdún 1888, Fischer gbé Agnes Gerlach níyàwó, ṣùgbọ́n ìyàwó náà kú lẹ́yìn ọdún méje. Nínú ọmọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n bí, méjì kú ní ìgbà ayé bàbá wọn. Ojú ogun ni ọ̀kan kú sí nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Hermann, ẹni kẹta, di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berkeley, Amẹ́ríkà. Phenylhydrazine tí ó gbé Fischer ga náà ni ó ba ìlera rẹ̀ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kú ní Berlin.

Àwọn ẹbí ẹ́ńsáìmù

Fischer kò rí ìrísí ẹ́ńsáìmù kankan rí. Ọdún 1965 ni David Phillips àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ti lysozyme hàn, èyí tí ó ń já ṣúgà ara kòkòrò bakitéríà. Ní ọdún 1991, Bernard Henrissat pín àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń já ṣúgà sí ẹbí 35 nípa bí ètò àwọn èròjà purotéènì wọn ṣe jọra. Lónìí, àwọn ẹbí náà ti ju 170 lọ. Ẹbí 13 ni amylase inú itọ́, tí ń já sitáàṣì, wà. Apá mẹ́ta ni ó ní, èyí tí ó tóbi jù sì rí bí àgbá.

Ẹbí 1 ni emulsin wà pẹ̀lú linamarase, ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀gẹ́. Nígbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́, linamarase a pàdé linamarin, a sì já glúkósì kúrò lára rẹ̀. Májèlé sáyánáìdì a jáde, a sì bá omi àti ooru lọ nígbà tí a bá fún un tí a sì yan án. Báyìí ni gàrí tí wọ́n ń tà ní ọjà Mile 12, ní Kòsọ́fẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó, ṣe di oúnjẹ tí kò léwu.